Ọwọ́ Òsì

Ẹ má bi mí bóyá òtútù mú mi.
Òtútù mú mi.
Mo wọ ẹ̀wù mẹ́ta léra,
mo fi súwẹ́tà tí Ìyá Àgbà rà ní Sábó bo gbogbo rẹ̀,
eyín mi ṣì ń lu ara wọn bí ẹni ń jẹ gúgúrú.

Òòrùn ni kẹ́ ẹ bi mí.
Òòrùn ilẹ̀ Nọ́wè kò mọ ìgbà tí àlejò ń lọ sílé.
Aago mọ́kànlá alẹ́, ó ṣì jókòó sórí igi,
ó ń wò wá nínú àgọ́
bí aládùúgbò tá a kí ní ó dàárọ̀ tí kò gbọ́.
Mo daṣọ bojú, mo ń ka ewúrẹ́ Bàbá Àgbà,
mo kà dé orí òbúkọ olójú kan,
ilẹ̀ ò ṣú.

Ọ̀gá Oyètóró ti kọ́ wa lẹ́yìn ilé-ìwé Onítẹ̀bọmi:
ìṣáná kan, iná kan,
ẹni tó bá ṣá ìkejì ni yóò fọ ìkòkò.
Gáàsì ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún wa lọ́hùn-ún.
Wọ́n yí nǹkan kan, iná jó.
Ìṣáná mi wà lápò, mi ò rẹ́ni fi hàn.

Ọmọ tá a jọ sùn nínú àgọ́ ní Sígọ̀dù lòun ń jẹ́,
etí mi gbọ́ Ṣìgìdì.
Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń ro mí.
Mo ní Oyèdọ̀kun lèmi.
Ó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹta, ó sọ mí di Dókù,
a bá gbà bẹ́ẹ̀: Ṣìgìdì àti Dókù.
Ọwọ́ òsì ló nà sí mi.
Òfin wa ni, mo mọ̀ ọ́n látilé,
òsì ni gbogbo síkáòtù fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́,
wọ́n ní ẹ̀gbẹ́ òsì lọ́kàn wà.
Ṣùgbọ́n l'Ógbómọ̀ṣọ́, inú ọgbà nìkan la ti ń dán an wò.
Bí àgbàlagbà bá yọ lọ́nà,
a ó yáa ki ọwọ́ bọ àpò.

Ọjọ́ kẹrin, a ń fi okùn fa igi afárá,
okùn sáré gba àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi kọjá,
ó bó o.
Wọ́n fi báńdéèjì wé e bí ọ̀lẹ̀lẹ̀ nínú ewé.
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ta máàpù ayé sára pátákó,
kí kálukú wá tọ́ka sí ìlú rẹ̀.
Wọ́n kọ Èkó, wọ́n kọ Ìbàdàn;
lókè Ìbàdàn, àlàfo.
Mo gbé òsì, èyí tí ò dùn mí.
Ó dúró lófuurufú.
A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.
Ta ló mọ̀ níbẹ̀? Ọmọ Kòríà? Ọmọ Bòlífíà?
Kò sẹ́ni tí ì bá bá mi wí.
Mo sọ ọ́ kalẹ̀,
mo fi ọ̀tún tí wọ́n wé tẹ àlàfo náà.
Ẹ̀jẹ̀ yọ lára aṣọ, kò tóbi ju orí ìṣáná lọ.
Ìyẹn ni wọ́n fi mọ ibi tí Ògbómọ̀ṣọ́ wà.

Mo ti dé. Tákìẹ́ ń pariwo bí mo ṣe fi í sílẹ̀.
Ìyá Àgbà bi mí léèrè ohun tí mo jẹ.
Mo ní ẹja. Ó ní àti kí ni? Mo ní ẹja.
Àánú mi ṣe é, ó lọ ro láfún.
Bàbá Àgbà wà lórí àga rọ́bà lábẹ́ igi kajú.
Ọdún kejì rèé tí apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú,
ọdún kejì tí kò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́,
tí kò gbọ́wọ́ lé ọmọ lórí,
torí òsì ló kù,
òsì kì í sì í ṣe ohun tí à ń nà séèyàn.
Mo dọ̀bálẹ̀. Mo dìde.
Mo na òsì mi.

Ìyá Àgbà kígbe láti ìdáná.
Bàbá wo ọwọ́ náà, ó wò mí,
ó ní, "Ohun tó o lọ kọ́ bọ̀ nìyí?"
Mo ní, "Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ́kàn wà, sà."
Ó pẹ́ kó tó mú un.
Ọwọ́ rẹ̀ gbóná, ó ń rùn òrí,
ó fún tèmi bí ẹni ń fún aṣọ.
Láfún tutù sórí tábìlì,
kò tíì jù mí sílẹ̀.